Káàdì Mọ́kànlá Nínú Agolo Òwú

                                                  Yàrá Òkè,
                                                  Lókè Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.
                                                  Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó ti bàjẹ́. Káàdì mọ́kànlá ti kúrò nínú àpótí káàdì táró wa láti oṣù Kẹfà, ìwọ lo sì yọ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síwájú rẹ, ó ṣí káàdì mẹ́ta nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ó délé, ó pe ilé ìwòsàn, ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Kókó tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń tóbi sí i. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó mọ̀ pé káàdì yẹn ò pé ni ìwọ, ọkọ rẹ, àti télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yàrá wa. Ẹni kẹrin, tó fura tí kò béèrè, ni èmi. Ẹni kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan ni ẹni tí wọ́n fẹ́ fi abẹ kàn lọ́rùn.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ń ka ìwé fúnra rẹ̀. Inú mi dùn sí i, bá mi sọ fún un pé kó má dáwọ́ dúró. Ara tèmi le. Ọkàn ni kò balẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n fún ọ pé ó balẹ̀. Ìgbà méjìdínlógún ni mo ti pè ọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Fóònù rẹ á dún, á dún, á dákẹ́. Nígbà tó di àná, kò tilẹ̀ dún mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, tí mò ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó wà nílé ìwé. Ọkọ rẹ ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó tì ọ́ títí wàá fi kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé télọ̀ ti pè ọ́. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dókè lọ́jọ́ náà ló ti pè ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni orúnkún ìyá ọkọ rẹ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìtọ́jú, o sì lọ bá wọn ní ìlú wọn. Mi ò bá orúnkún jà. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tú fún ọ, kó má jẹ́ pé ẹnu télọ̀ nìkan lo ti gbọ́ ọ.

Bọ́tìnì ẹ̀wù mi ló já bí mo ṣe ń bọ̀ láti òpópónà. Mo ní ìpàdé ní aago mọ́kànlá. Mo yà sí ọ̀dọ̀ télọ̀ pé kó bá mi rán an mọ́ mi lára níbẹ̀, kí n máa lọ. O mọ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti rí mi.

“Kíákíá dé! Ẹ jókòó ná.”

Mo ní mi ò jókòó.

“Kò burú, ẹ dúró bí òpó iná. Tí abẹ́rẹ́ bá sáà ti gún yín, èmi kọ́ o, ẹsẹ̀ yín tí kì í dúró lójú kan ni.”

Ó ṣí agolo bísíkíìtì tó ń kó òwú sí, ó ń wá èyí tó bá àwọ̀ ẹ̀wù mi mu. Gbogbo àjẹkù òwú rẹ̀ ló wé mọ́ páálí pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ó fa òwú búlúù kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bó ṣe ń tú u ni àwòrán ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí iná. Lẹ́yìn náà mo rí fèrèsé, mo rí ènìyàn méjì tó ń fi orí já bọ́ láti òkè. Ẹlẹ́rìn-ín, mi ò nílò kó tú u tán. Ilé Gogoro ni. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí káàdì tí mo mọ̀ tó o.

Mo bi í pé níbo ló ti rí i.

“Èwo? Páálí yìí? Ọ̀rẹ́ yín ló fún mi. Ó ní kí n bá òun dà á nù. Mo wò ó, mo ní irú páálí tó le báyìí, ta ló ń dà á nù? Ó gba òwú dáadáa, kì í tẹ̀.”

“Mélòó ló fún yín?”

“Mọ́kànlá. Mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un, torí òwú mi pọ̀. Ó ní rárá, ó ní àwọn tó kù ò burú.”

Àwọn tó kù ò burú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa tòmátì. Ó rán bọ́tìnì náà tán, ó gé òwú, ó gbá mi léjìká pé mo lè máa lọ, mi ò kúrò níbẹ̀. Mi ò lọ sí ìpàdé aago mọ́kànlá. Ìwọ tó o mọ̀ mí, padà lọ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo jókòó sórí àga tí mo ní mi ò jókòó sí, mo sì tú òwú lára gbogbo wọn. Ikú wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa. Idà Mẹ́ta, èyí tó gún ọkàn yẹn, òwú ìbòrí àga ló wé mọ́ ọn. Idà Mẹ́sàn-án, obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó fi ọwọ́ bojú. Idà Mẹ́wàá. Àti àwọn mẹ́fà mìíràn tí ìwọ náà mọ̀, torí ìwọ lo ṣà wọ́n. Òwú ti jẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, wọn ò lè bá àwọn yòókù dọ́gba mọ́ láéláé. Télọ̀ ń wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ́ òwú mi pọ̀.” Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra ní òun ò mọ̀ pé nǹkan pàtàkì ni o, òun rò pé eré ọmọdé ni. Mo gbà á gbọ́. Òun nìkan nínú wa ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé o ti gbàgbé. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ pẹ̀lú káàdì táró, káàdì alwáwòrán tí àwọn òyìnbó fi ń woṣẹ́, mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo kàwé ìṣòwò, tí mi ò lè ra ọṣẹ láìfi iye rẹ̀ wé ti ẹlòmíì, kí ni mo fẹ́ fi àwòrán ọba àti ẹṣin ṣe? Mo ti rí àwọn tó ń kà á fún ènìyàn: ẹ̀yin ẹ̀ẹ́ rìnrìn àjò, ọkùnrin kan ń bọ̀, ẹ ṣọ́ra fún obìnrin tó ga. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà. O ní rárá. O ní, “Èmi ò mọ ọ̀la ẹnì kankan. Ìbéèrè nìkan ni mo mọ̀.”

O wá fi ọ̀nà tìrẹ hàn mí. Káàdì mẹ́ta péré. Ibi kìíní, ohun tí mo rí. Ibi kejì, ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ibi kẹta, ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ẹni tó wá ni yóò pò ó, òun ni yóò ṣí i, òun náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwọ kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ nǹkan kan. Ìbéèrè mẹ́ta lo ní: Kí lo rí? Ta ni ìwọ nínú àwòrán yìí? Kí ló wà níta àwòrán tí wọn ò yà? Tó o bá ti bi í tán, o dákẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ dídákẹ́ bí ìwọ. Bí ènìyàn bá wà níwájú rẹ tó o dákẹ́, ohun tó ti fi ọdún mẹ́wàá gbé mì á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. O rántí. Ọdún kẹfà rèé. Ìgbéyàwó mi ti kú, mo ń kọ ìwé ètò mọ́ ara fíríìjì: ta ni yóò dáná lọ́jọ́ wo, ta ni yóò fọ abọ́, bí ẹni pé tí a bá ti pín iṣẹ́ dáadáa, ọkọ mi á padà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Mo jókòó síwájú rẹ torí kí n lè fi ọ́ ṣẹ̀rín. Mo ṣí ibi kejì, Ilé Gogoro ló jáde. O bi mí pé ta ni èmi nínú rẹ̀. Mo wo àwọn tó ń já bọ́, mo ní èmi kọ́ ni ìwọ̀nyí. Mo ní èmi ni ẹni tó ṣì wà nínú ilé tó ń jó, tó ń to àga. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó sọ ọ́. O ò sọ nǹkan kan. Mo sunkún sórí tábìlì rẹ títí ọwọ́ ẹ̀wù mi fi rin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi kó jáde níbẹ̀.

Torí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe wá yàrá òkè yìí fún ọ. Torí ẹ̀ ni mo fi ra tábìlì, mo to àga, mo ṣe ìwé tí a ń kọ orúkọ sí, mo sì lẹ òfin mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Òfin kìíní, ìwé ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀, mo wò ó láàárọ̀ yìí: Káàdì gbọ́dọ̀ pé méjìdínlọ́gọ́rin, kí a kà á kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Ìwọ náà lo ní kí n kọ ọ́. O ní tí ẹyọ kan bá sọnù, irọ́ ni gbogbo ìyókù. O máa ń kà á sókè, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Ó dáa, mo mọ ibi tó ti yà. Oṣù Kẹfà, obìnrin tó ń ta bàtà. Ó ṣí Idà Mẹ́ta ní ibi kejì, ó pariwo, ó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú tí kò tíì dárúkọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti kú. Ó sunkún fún wákàtí kan. O bá a sunkún. Kò padà wá mọ́. O sọ fún mi pé ó dà bí ẹni pé ìwọ lo fi idà náà gún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo mú ìwé mi wá sí ìpàdé wa, mo ti fi bírò pupa fa ìlà: nínú ẹni mẹ́wàá tó bá sunkún, mẹ́fà kì í padà. Mo ní, “Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí la lè ṣe sí i?”

Kí a máa fún wọn ní omi tútù ló wà lọ́kàn mi. Páálí ìnujú, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún àkókò wọn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Mi ò sọ ọ́ tán. Mo ní ibòmíràn tí mò ń lọ, mo ti ń wo aago. Mo fi ìbéèrè sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè wo omijé, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, má wulẹ̀ kọ ọ́ sí mi padà. Láti ìgbà náà ni àpótí káàdì ti ń dún pàkà-pàkà nígbàkúùgbà tí mo bá gbé e, àpótí tó jẹ́ pé èékánná la fi ń yọ káàdì inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí bó ṣe fún. Mo gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ìwé orúkọ wa ń kún, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sọ̀kalẹ̀, mo ní ó ń lọ dáadáa.

Ohun tí mi ò lè dárí jì ọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni pé ìwọ fúnra rẹ lo dá ibi kejì sílẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kí lo rò pé yóò máa jáde níbẹ̀? Òdòdó? O kọ́ ilẹ̀kùn kan sára ilé torí kí ènìyàn lè gba ibẹ̀ jáde, o wá fi bíríkì dí i, o sì ṣì ń ní kí wọ́n máa kọjá.

Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n mi.

O mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin. Nígbà tí dókítà fi abẹ́rẹ́ wo kókó yẹn, tí èsì dé pé kò dára, pé kí wọ́n yọ ọ́ kíá kó tó tàn ká, ohun kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú gbogbo àlàyé: pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹyọ kan tàbí méjì ni ohùn wọn ń há lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ó ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀, pé ìdánwò àwọn ọmọ ń bọ̀, pé òun á lọ. Èmi ni mo ní kó wá sọ́dọ̀ rẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin. Mo rò ó bí mo ṣe ń ro gbogbo nǹkan: á ṣí ibi kejì, ohun burúkú kan á jáde, á sọ ẹ̀rù rẹ̀ síta, á sunkún, á sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Oòrùn ló jáde. Ọmọ kékeré orí ẹṣin funfun, tó na ọwọ́ méjèèjì. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní o bi òun pé ta ni òun nínú rẹ̀, òun ní òun ni ọmọ náà, òun sì ń kọrin. Ibi kẹta, Ife Mẹ́wàá, òṣùmàrè àti àwọn ọmọ tó ń jó. Ó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi pe ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo bi ọ́ lọ́jọ́ kejì pé kí ló ṣẹlẹ̀, ohun tó o sọ fún mi nìyí: “Ohun tó rí ló sọ.” O wo ojú mi o. O ń to àga bọ abẹ́ tábìlì, o wo ojú mi, o sì sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo kó káàdì mọ́kànlá náà lọ sílé rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ. Mo tò wọ́n sórí pátákó ìlọṣọ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

“O lọ ra òmíràn ni,” ó ní.

Mo ní mi ò rà á, mo ní kó wo ojú ibi tí òwú jẹ.

“Ìwọ ṣáà lè ṣètò ohunkóhun. Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣètò ọjọ́ ìsinmi mi pẹ̀lú ọ̀gá mi láìsọ fún mi? O ti kọ iṣẹ́ abẹ mi sínú ìwé rẹ, o wá fẹ́ fa ìlà sí i pé o ti ṣe é.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni káàdì yẹn pa fún yín.”

“Káàdì ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kàn bi mí ni. Ọmọ tó jẹun nílé wa, tí mo di irun fún, ṣé òun ló fẹ́ tàn mí jẹ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mi ò gba ti agbẹnusọ.”

Ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin tó ń kọ́ àwọn ọmọ, èyí tó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Nígbà tó dé òkè, ohùn rẹ̀ já. Ó gbé itọ́ mì. Ó tún un ṣe, ó tún já níbì kan náà. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó rí i pé mo rí i, ó gbé ọwọ́ náà padà sórí aṣọ. Kókó yẹn ti ń gba ohùn rẹ̀ lọ, Ẹlẹ́rìn-ín, kò dúró de abẹ ẹnì kankan. Òun náà gbọ́ ọ. Kò sì ní ibi tí yóò ti sọ ọ́, torí ibi kan ṣoṣo tó yẹ kó ti sọ ọ́, Oòrùn lo fi pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ rẹ ní ọgbọ́n kan. Ó pè mí lálẹ́ àná… rárá, ọ̀sán ni, inú ló ń bí mi. Ó tọrọ àforíjì pé òun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, pé òun ti kìlọ̀ fún ọ. Ó wá ní ṣé a ò lè rọra ṣe é báyìí: kí o padà wá ka káàdì fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì, kí a to káàdì sílẹ̀ kó tó dé, kó jẹ́ Idà Mẹ́rin ló máa ṣí, ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tó ń sinmi, kó lè túmọ̀ rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ á tán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo rò ó fún wákàtí kan gbáko. Mo tiẹ̀ ti ń ro bí a ṣe máa tò ó. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ bí nǹkan ṣe ń yá. Mo wá rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn mi lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọrùn ń ro ó, ó fẹ́ dán ohùn rẹ̀ wò, ẹ̀rù sì ń bà á láti la ẹnu. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ni òun yàn án. Tó bá jẹ́ àwa la yàn án fún un, tí ohùn náà bá sì há ní tòótọ́, kí la fẹ́ sọ? A ti fi káàdì tí kò pé mú un sá. A ò gbọ́dọ̀ fi káàdì tí a tò mú un wọlé. Mo sọ fún ọkọ rẹ pé rárá.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mò ń béèrè. Mo bẹ nọ́ọ̀sì tó ń ṣètò ọjọ́ títí ó fi bá wa rí àyè mìíràn: Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni kó wọlé sí ilé ìwòsàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà ń rìnrìn àjò lẹ́yìn rẹ̀, kò ní padà títí ọdún tuntun. Tí àyè yìí bá lọ, oṣù mẹ́ta nìyẹn, mo sì ti sọ ohun tí mo gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ fún ọ.

Ọjọ́rú ni kí o wá. Mọ́tò àkọ́kọ́ ń kúrò lọ́dọ̀ yín ní aago méje àárọ̀, wákàtí mẹ́rin ni ìrìn àjò náà, o ní àyè tó pọ̀ tó láti wẹ̀, kí o jẹun, kí o sì bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti ilé ìwé dé ní aago mẹ́ta. Aago mẹ́rin ni kí o kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Má mú káàdì dání, ẹyọ kan báyìí. Àwọn mọ́kànlá ti wà lórí tábìlì rẹ̀, mo kó wọn síbẹ̀ kí n tó kúrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sì kó wọn kúrò. Jókòó, kí o sọ pé, “Mo yọ wọ́n. Ìwọ̀nyí ni. Ìgbà tí mo yọ wọ́n rèé, ìdí tí mo fi yọ wọ́n rèé. Nígbà tí ẹ ṣí ibi kejì, kò sí ohun burúkú kankan nínú àpótí tó lè jáde.” Ìyẹn nìkan. Má bẹ̀ ẹ́ kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Má sọ fún un pé kó má lọ. Tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, dá a lóhùn. Tó bá dákẹ́, jẹ́ kó dákẹ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Jọ̀ọ́, má sunkún. Tí o bá sunkún, ẹ̀gbọ́n mi á dìde wá rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, á bu omi fún ọ, á gbàgbé ọrùn ara rẹ̀. Tọ́jú ẹkún náà dé ìta. Èmi á wà níta, nínú ọkọ̀, mi ò ní wọlé. Tó bá ní òun ò lọ lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn, màá bu omi mu sí i, màá sì máa mú un lọ sílé ìwé láràárọ̀.

Ní ti èmi àti ìwọ, mi ò mọ̀. Mo ti ti yàrá òkè pa, mo fagi lé orúkọ àwọn tó kù nínú ọ̀sẹ̀ yìí, mo ní ara rẹ ò yá. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nítorí rẹ nìyẹn, mi ò ní pa èkejì. Gbogbo àwọn tó ti ṣí ibi kejì láti oṣù Kẹfà wà nínú ìwé mi, orúkọ wọn pé mọ́kàndínlógójì. A óò sọ̀rọ̀ nípa wọn, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan.

Bá mi kí màmá ọkọ rẹ, kí wọ́n má fi orúnkún náà gun àtẹ̀gùn. Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi kí ọkọ rẹ tó jókòó tì ọ́ yìí, sọ fún un pé mo ní ó ṣeun, kó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ kó tó kúrò níbẹ̀. Télọ̀ ní kí n kí ọ. Ojú ń tì í.

Mi ò béèrè èsì lẹ́tà yìí, má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mi ò rí ọ, màá wọlé lọ fúnra mi, màá ka lẹ́tà yìí sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ti dà á kọ sórí ìwé mìíràn, màá sì sọ fún un pé o gbà á, o kà á, o ò wá.

Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ, títí di Ọjọ́rú,

                                                  Kíákíá.